Òjé Inú Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Ìbejì

Bí aboyún bá lọ ṣe skáànì ní Igbó-Ọrà, ìbéèrè tó máa ń wà lẹ́nu ẹni tó sìn ín lọ kì í ṣe akọ ni àbí abo. "Mélòó ni?" ni wọn yóò kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní olú-ìlú ìbejì lágbàáyé nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹnu ìlú nìkan ló sọ ọ́. Ìwádìí tí oníṣègùn Patrick Nylander ṣe láti 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, bí 45 sí 50 ló máa ń jẹ́ ìbejì. Àwọn ará ilé ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló ń fà á, àwọn onímọ̀ ò sì tíì gbà fún wọn. N kò bá ti ìyẹn wá. Nǹkan kékeré tí nọ́ọ̀sì gbé lé ikùn ni mo bá wá.

Nǹkan náà, tí mo máa pè ní orí skáànì, jọ kílípà tí wọ́n fi ń gẹrun, wáyà sì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n á pa ohun yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ kan sí aboyún níkùn, wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á máa tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwòrán á sì yọ lójú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn rọ́bà tó ń kan ara ni awẹ́ amọ̀ sísun kan wà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìnípọn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mìlímítà lọ, tí wọ́n fi ayùn gé wẹ́wẹ́ bí ẹní rẹ́ ilá. Bí iná mànàmáná bá ti kàn án, á máa gbọ̀n, ó lè tó ìgbà mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yẹn ni ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Á wọ inú lọ, á kọlu orí ọmọ, á ta padà bíi gbohùngbohùn. Nígbà tó bá padà dé, á ti amọ̀ náà, amọ̀ á sì sọ títì yẹn di iná mànàmáná. Amọ̀ kan ṣoṣo ló ń pariwo, òun náà ló ń tẹ́tí.

Nínú 100 gíráàmù amọ̀ yìí, òjé ju 60 lọ.

Àwa àti òjé kì í ṣe àjèjì ara wa. Òun ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun ni apẹja ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì, òun ló wà nínú bátìrì ọkọ̀. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí ìyá àgbà fi ń lé ojú ọmọ ọwọ́ kó lè mọ́ lójú. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Wọ́n tọpa rẹ̀ títí, tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà ni, òjé sì kó 82.6 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara, ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma, nítorí pé òkúta tí wọ́n ń fọ́ nínú agboolé láti yọ wúrà ní òjé nínú. Òjé kì í pariwo. Ó jọ kálísíọ̀mù lójú ara, egungun á gbà á bí àlejò rere, á fi í pamọ́. Ó ń gba inú olóbì kọjá sára ọmọ inú oyún, ọpọlọ ọmọ ló sì ń bà jẹ́ jù.

Kí n má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni o. Òjé inú ẹ̀rọ skáànì kì í kan aboyún. Iná ìléru ti so ó pọ̀ mọ́ àwọn ohun mìíràn, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù àti rọ́bà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí mo ń bẹ̀rù fún ni ẹni tó lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, àti ẹni tí yóò fọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú. Ìdí nìyẹn tí ayé fi ń wá amọ̀ mìíràn tí kò ní òjé, tí yóò sì ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń wá a lójú méjèèjì.

Ferroelectric ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe irú amọ̀ yìí. Orúkọ ẹ̀tàn ni, torí irin ni "ferro" ń tọ́ka sí, kò sì pọn dandan kí irin wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn rí i pé bí irin ṣe ń rántí òòfà tó kàn án, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ń rántí iná mànàmáná. Amọ̀ arántíná ni mo máa pè é níhìn-ín. Ẹni tó bá ní orúkọ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.

Bó ṣe ń rántí nìyí. Nínú yàrá kéékèèké kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di wóró kírísítálì, átọ́ọ̀mù kan wà tó yẹ kó jókòó láàárín gbùngbùn, ṣùgbọ́n tí kì í jókòó síbẹ̀. Á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí iná tó gbé dání, apá kan wóró náà á di pọ́sítíìfù, apá kejì á di nẹ́gétíìfù. Àìmọye wóró ló wà nínú awẹ́ kan, oníkálukú sì kọjú sí ibi tó wù ú bí èrò ọjà, débi pé agbára ẹnìkínní á pa ti ẹnìkejì rẹ́. Àwọn tó ń ṣe é á wá tẹ awẹ́ náà sínú òróró gbígbóná, wọ́n á fi iná bíi 2,000 sí 3,000 fóòtì (volt) ti mìlímítà kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo wóró á bá kọjú síbì kan náà. Bí wọ́n bá yọ iná kúrò, èyí tó pọ̀ jù kò ní yí padà mọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí o bá tẹ̀ ẹ́, á fún ọ ní iná. Bí o bá fún un ní iná, á nà tàbí kó sún kì. Ooru tó pọ̀ lè mú un gbàgbé. Amọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ tí ìrántí rẹ̀ ń parẹ́.

Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni pé èyí tí kò ní òjé ló kọ́kọ́ dé. Joseph Valasek ló rí ìwà ìrántí yìí ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1920, nínú iyọ̀ kan tí kì í ṣe amọ̀ rárá. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Japan rí i, oníkálukú láyè ara rẹ̀, pé àdàlù bàríọ̀mù àti títáníọ̀mù tí wọ́n sun ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Barium titanate nìyẹn, amọ̀ arántíná àkọ́kọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí òjé fi gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ wo àdàlù òjé, sàkóníọ̀mù àti títáníọ̀mù fínní-fínní. Ní 1954, Bernard Jaffe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá da sàkóníọ̀mù àti títáníọ̀mù pọ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, agbára rẹ̀ á fò sókè lójijì. PZT ni wọ́n ń pè é, òun ni amọ̀ inú orí skáànì. Orí ààlà láàárín oríṣi kírísítálì méjì ni ìwọ̀n yẹn bọ́ sí, amọ̀ náà sì wá dà bí ará ẹnubodè tó gbọ́ èdè méjèèjì: kò le fún un láti yí sí ibi tí a bá fẹ́.

Tí a bá fi òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò wọ̀n ọ́n, ìyẹn iye iná tí amọ̀ ń mú jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, òkúta quartz inú aago ọwọ́ ní bíi 2, barium titanate ní bíi 190, PZT tó rọ̀ jù sì ń tó 600. Barium titanate tún ń gbàgbé ní 120°C. Ìkòkò tí ilé ìwòsàn fi ń se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ń lọ sí 121°C. Ẹ wò ó bó ṣe fi ìwọ̀n kan ṣoṣo pàdánù.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe láfún ní Ìbàràpá, agbègbè tí Igbó-Ọrà wà, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Wọ́n á rẹ pàkí, wọ́n á sá a sórí àpáta, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti kánjú, orí àmàlà ni àṣírí á ti tú. Bákan náà ni amọ̀ arántíná. Fún barium titanate, ìyẹ̀fun méjì ni èèyàn ń wá: bàríọ̀mù kábọ́néètì, àti títáníọ̀mù funfun, irú èyí tó ń mú ọ̀dà ilé funfun báláú. Wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á dà wọ́n sínú kólòbó pẹ̀lú sípírítì àti àwọn ọmọ òkúta róbótó tó le gan-an, kólòbó náà á sì máa yí fún odindi ọjọ́ kan. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á yan án nínú iná tó lé ní 1,000°C kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Wọ́n á tún un lọ̀, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ pò ó, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Wọ́n á rọra jó gọ́ọ̀mù náà kúrò, kí wọ́n tó wá gbé e lọ sínú iná gidi, 1,300 sí 1,350°C, fún wákàtí bíi méjì sí mẹ́rin. Nínú iná yìí ni lẹ́búlẹ́bú ti ń dì pọ̀, tí ihò ń pa dé, tí awẹ́ náà á sì sún kì. Tó bá tutù, wọ́n á dán an, wọ́n á fi fàdákà kun ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á wá gbé e lọ síbi òróró àti iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Òjé máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yìí rọrùn, kò sì yẹ kí a fi èyí pamọ́. Ó tètè ń rọ̀ nínú iná, ó ń bá àwọn yòókù lẹ̀ pọ̀ láìjanpata. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń bá èéfín lọ. Kí iná tó wọ 1,200°C, òjé ti ń fò kúrò nínú amọ̀, ohun tó bá sì fò kúrò á bà sára ògiri ìléru, sára aṣọ, sínú imú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ á fi ìdérí dé e, wọ́n á sì bu lẹ́búlẹ́bú mìíràn tó lójèé sí ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ lè yó, kó má baà tún mu ti inú awẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí ń fa èéfín, èyí kò burú. Ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ń ṣe é ń sin ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ẹbí mẹ́ta pàtàkì ló ń bá òjé du ipò lónìí. Ẹbí kìíní ni bàríọ̀mù tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì tíì kú o. Ó kàn yí iṣẹ́ padà ni. Inú fóònù tó wà lápò rẹ ló wà, nínú àwọn kapásítọ̀ tí kò tóbi ju wóró ọkà bàbà lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìpele amọ̀ tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Wọ́n lè tó ẹgbẹ̀rún nínú fóònù kan. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jiyàn bóyá amọ̀ aláìlójèé lè ṣiṣẹ́, òun ló ń gbé iyàn náà láti etí dé etí.

Ẹbí kejì ni wọ́n ń pè ní KNN: pọ́táṣíọ̀mù, sódíọ̀mù àti nàíóbíọ̀mù. Èyí ló wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọjà Igbó-Ọrà. Ohun tí wọ́n fi ń gbé pọ́táṣíọ̀mù wọnú rẹ̀ ni pọ́táṣíọ̀mù kábọ́néètì, ìyẹn ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi eérú tí wọ́n ń sẹ́ láti ara èèpo kòkó fún ọṣẹ dúdú. Sódíọ̀mù kábọ́néètì sì ni ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó wà nínú káún. Ẹ má sáré lọ ra káún ṣá o. Ìdọ̀tí inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí amọ̀ yìí lè gbà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá ti fi eérú àti káún pamọ́ lásìkò òjò lè sọ ìṣòro KNN fún ọ láìlọ yunifásítì: wọ́n ń fa omi. Bí o bá wọn gíráàmù mẹ́wàá, omi inú afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n á sì ti yẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ ìyẹ̀fun nínú ààrò di ọjọ́ kejì, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní gbígbóná. Bí àdàlù bá ṣì díẹ̀ pẹ́nẹ́n, awẹ́ tó jáde nínú iná tó le kóko lè máa fa omi títí tí yóò fi fọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Nínú iná, pọ́táṣíọ̀mù àti sódíọ̀mù náà ń fò bí òjé. Àyè tí ìgbóná rẹ̀ ní sì há. Ní agbègbè 1,100°C, bí iná bá rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀, awẹ́ kò ní dì; bó bá fi díẹ̀ lé, á yọ́. Nígbà tí Egerton àti Dillon gbé e jáde ní 1959, agbára rẹ̀ kò ju bíi 80 lọ, ayé sì pa á tì. Ní 2004 ni Yasuyoshi Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwádìí Toyota àti Denso ní Japan jí i dìde. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe wóró pẹlẹbẹ, wọ́n tò wọ́n kí gbogbo wọn dùbúlẹ̀ síbì kan náà bí ewé eéran tí wọ́n dì, wọ́n sì jẹ́ kí amọ̀ yòókù hù lé wọn lórí nínú iná. Wọ́n dé 416. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń sáré. Ní 2014, àwọn ará Ṣáínà ní Yunifásítì Sichuan dé 490 láìto wóró kankan. Èrò tèmi ni pé eré ìje nọ́ńbà yìí ti ń gba àkókò ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé-iṣẹ́ kò bìkítà fún awẹ́ kan tó dára jù lọ láyé. Ẹgbẹ̀rún awẹ́ tó bára wọn dọ́gba ló ń wá, ibẹ̀ gan-an sì ni KNN ti ń já wọn kulẹ̀.

Ẹbí kẹta dúró lórí bísímọ́ọ̀tì. Àwọn ará Rọ́ṣíà, Smolenskii àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló gbé e jáde ní 1960. Ó lágbára níbi tí wọ́n bá ti ń fi iná tó pọ̀ gbọ̀n ọ́n, PI Ceramic ní Jámánì sì ń ta irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni bísímọ́ọ̀tì ti ń wá? Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń jáde lára òjé nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ òjé mọ́. Ẹni tó ní òun ń sá fún òjé tún sá wọ ẹ̀yìnkùlé òjé.

Ọ̀kan tún wà nínú ẹbí bàríọ̀mù, tí Liu àti Ren ṣe ní 2009 nípa fífi sàkóníọ̀mù àti kálísíọ̀mù sínú barium titanate. Ó dé 620, ó ju ọ̀pọ̀ PZT lọ, ariwo sì ta. Ní nǹkan bí 93°C ló ń gbàgbé. Omi híhó lásán ti tó o.

Òfin ló ń lé gbogbo eré yìí. Láti July 1, 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de òjé nínú ohun èlò oníná, ṣùgbọ́n wọ́n yọ amọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ pátápátá. Ìyọ̀ǹda náà ní gbèdéke, wọ́n sì ń sún un síwájú láti ìgbà dé ìgbà. Ohun tí òfin kò kọ síbẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ ń kú sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ skáànì tó wà ní ìgbèríko wa, tòkunbọ̀ ni. Ìwádìí kan tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní 2005 ṣírò rẹ̀ pé bíi 500 kọ̀ǹténà kọ̀ǹpútà àlòkù àti ẹ̀yà rẹ̀ ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù nígbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé tún ṣe. Ní 2011, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, gbé òfin jáde lórí pàǹtí ohun èlò oníná ní Nàìjíríà. Òfin yẹn dára lórí ìwé. Ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri lórí kẹ̀kẹ́ kò mọ̀ pé orí skáànì yàtọ̀ sí orí kílípà. Kọ́pà inú wáyà rẹ̀ ló ń wá, èyí tó kù á lọ sínú iná tàbí sórí ààtàn.

A gbọ́dọ̀ fi ojú ìwọ̀n wò ó o. Bátìrì ló ń jẹ ju 80 lọ nínú 100 òjé tí ayé ń lò. Òjé inú gbogbo orí skáànì tó wà ní Ìbàràpá, láti Ìdèrè dé Ìgangan, kò lè tó ti inú bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní amọ̀ aláìlójèé ló máa gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ òjé, ó ń fi ṣíbí gbọ́n omi odò. Mo kàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tó ni, n kò sọ pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè mìíràn wà tí àwọn tó ń pariwo aláìlójèé kì í fẹ́ gbọ́: ṣé èyí tí kò lójèé mọ́ ju èyí tó lójèé lọ lóòótọ́? Ní 2016, Ibn-Mohammed àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó pàdé lórí iṣẹ́ kan ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé PZT àti KNN sórí òṣùwọ̀n, láti inú kòtò ìwakùsà dé ẹnu ilé-iṣẹ́. Wọ́n rí i pé lórí ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n wọ̀n, KNN ló ń ba àyíká jẹ́ jù, nàíóbíọ̀mù sì ni ẹlẹ́bi: wíwà á, fífọ̀ ọ́ àti yíyọ́ ọ ń jẹ iná púpọ̀. Bíi 90 nínú 100 nàíóbíọ̀mù ayé lónìí, Brazil ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1940 àti 1950, orí òkè Jos ló ti ń wá jù, nínú òkúta dúdú kan tí wọ́n ń pè ní columbite, tó máa ń bá tánganran jáde. Nàìjíríà ló ń tà á jù láyé nígbà náà. Àwọn adágún omi tí wíwa ilẹ̀ fi sílẹ̀ ṣì wà ní Plateau títí dòní, àti òkìtì iyanrìn tó ní ohun olóró tí ń tú ìtànṣán jáde nínú. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tán bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "aláìlójèé". Ìyá ọmọ ní Dareta lè fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tí adágún gba oko rẹ̀ ní Bukuru yóò kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ṣé a lè ṣe é níbí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iná wa kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn amọ̀kòkò wa, bí àwọn ìyá ní Ìlọrin àti Ìṣàn-Èkìtì, ní gbangba ni wọ́n ń sun ìkòkò, pẹ̀lú igi àti koríko, ìgbóná rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá 900°C. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew dá ilé ẹ̀kọ́ amọ̀ sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Suleja lónìí. Níbẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà, ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n ń fi igi ìdáná sun ní ìwọ̀n tó sún mọ́ 1,300°C. Igi lásán o! Ooru kọ́ ni ìṣòro wa nígbà náà. Ohun tó kù ni ìmọ́tótó àti ìdúróṣinṣin: eérú tó fò láti ara igi ní pọ́táṣíọ̀mù àti sódíọ̀mù nínú, á sì ba awẹ́ jẹ́ bí wọn kò bá dé e mọ́ inú àpótí amọ̀, ìgbóná náà sì gbọ́dọ̀ dúró lójú kan fún wákàtí mélòó kan. Iná ọba tó bá lọ láàárín wákàtí kejì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ́tí sí ohun tí Clive Randall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Penn State gbé jáde ní 2016. Wọ́n fi omi díẹ̀ pa lẹ́búlẹ́bú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gidigidi, àwọn amọ̀ kan sì dì ní ìgbóná tí kò tó 300°C. Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ló gbà fún un, barium titanate náà sì tún nílò kí wọ́n padà yan án. Síbẹ̀, 300°C sún mọ́ ààrò búrẹ́dì ju ìléru lọ.

Èrúwà ni mo máa ń rántí bí mo bá ń ro gbogbo èyí. Níbẹ̀ ni Dókítà Oluyombo Awojobi dá ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, tó sì wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 2015. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bó ṣe tó, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ṣe é. Ṣùkù àgbàdo ló ń dá iná sí fún omi tó ń sẹ́. Ọkùnrin náà kì í gbà pé nǹkan kan wà tí ìgbèríko kò lè ṣe. Ní Lánlátẹ̀ tó wà nítòsí, ibùdó sátẹ́láìtì tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ti gbé ohùn Nàìjíríà kọjá òkun kí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàràpá tó ní iná. Ilẹ̀ yìí kì í ṣe àlejò sí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ṣeé tú, kò sì sí ẹni tó lè tú orí skáànì tó kú kó tún amọ̀ inú rẹ̀ mọ. Orí yẹn wà lára ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ náà, òun sì ni ọwọ́ wa jìnnà sí jù.

Bí wọ́n bá bi mí, n kò ní ní kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré KNN. Barium titanate ni mo máa mú. Kò ní sọ ara rẹ̀ di orí skáànì, kò sì ṣe dandan. A lè fi ṣe ohun tó ń dún fìì lára ẹ̀rọ, ohun tó ń mọ̀ bí táǹkì omi bá kún, ohun tó ń gbọ́ bí ẹnìkan bá ń gbẹ́ ògiri sọ́ọ̀bù lóru. Awẹ́ tó bá bàjẹ́ kò ní pa ẹni tó gbá a. Ìyẹ̀fun bàríọ̀mù kábọ́néètì fúnra rẹ̀ ní májèlé tí èèyàn bá gbé e mì, wọ́n fi ń pa eku rí, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ṣì pọn dandan. Ṣùgbọ́n tó bá ti jóná di titanate, oró náà ti rọlẹ̀. Àwọn orí skáànì tó ti kú, kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní páálí kan fún wọn, kí wọ́n má ṣe tà wọ́n fún oníkẹ̀kẹ́ irin.

Awẹ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ póli kan ní Èrúwà bá ṣe kò ní rẹwà. Ó ṣeé ṣe kó tẹ̀, kó sán, kó ní àbàwọ́n. Kó wọ̀n ọ́n, kó rì í sómi, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá wúwo sí i, ihò ṣì wà nínú rẹ̀, kó padà sídìí iná. Bí kò bá wúwo sí i, kó kun ún ní fàdákà, kó tẹ̀ ẹ́ sínú òróró pẹ̀lú iná tó yẹ lábẹ́ ojú olùkọ́, kó fi wáyà méjì so ó mọ́ mítà tí àwọn atún-rédíò ń lò, kó gbé e lé orí àpò iyanrìn, kó sì fi orí ọmọ odó kàn án jẹ́jẹ́. Ọwọ́ mítà ni kó máa wò.